Ibi Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ọ̀hún

“Ta ni ó ní kí o gbé e wá?”

“Ta ni ó ní kí n má gbé e wá?”

“Ṣé ìwọ nìkan ni o jókòó yà á?”

“Ta ni ìbá bá mi jókòó ní Alíìsì?”

“Ibo ni ìlà-oòrùn wà nínú yàrá tí o ti yà á?”

“Àǹtí, ṣé oòrùn ni ẹ fẹ́ wò ni, àbí àwòrán?”

“Èwo nínú méjèèjì ni ìwọ rò pé mo ń wò?”

Rowena tún etí àwòrán náà ṣe lára ògiri. Àǹtí Lorna gbé ife tíì rẹ̀ sókè, ó ń fẹ́ ẹ fùù, fùù, bí ẹni pé tíì náà ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò lọ́la. Ajá rẹ̀ pupa sùn lé e lẹ́sẹ̀. Kò kọjú sí ògiri tí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́, kò sì kẹ̀yìn sí i pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ ni ó kọ sí i, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó ní tòsí àna rẹ̀.

“Mo ń gbọ́,” ni Rowena wí níkẹyìn.

“Kí lò ń gbọ́? Mi ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn, Àǹtí. Ẹ sọ nǹkan kan.”

“Tíì yìí ti tutù,” ni Àǹtí Lorna sọ.

Ọ̀la ni àfihàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ilé ìtajà àtijọ́ di Ilé Ọnà ní Kurrajong, ìlú kékeré inú aṣálẹ̀, àwọn àwòrán ni ó máa ń rin ìrìn àjò. Wọn a ká wọn bí ẹní, wọn a kó wọn sínú ọkọ̀, àwọn ìlú ńlá etí òkun a gbé wọn mì. Àwọn tí ó yà wọ́n a wà nílé, wọn a máa bi ara wọn léèrè irú ògiri tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà. Lọ́dún yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn olùwòran ni yóò rin ìrìn àjò. Ara gbogbo ìlú ti yá gágá. Àwọn obìnrin ti gbá iyanrìn pupa iwájú Ilé Ọnà títí ó fi rí bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn ọkùnrin ti gbẹ́ kòtò iná fún ìrù kangarúù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù pàápàá ti sún ìdíje wọn sí ọ̀sán, ohun tí wọn kì í ṣe fún ìjọba. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ọ̀dà rí láyé rẹ̀ ń sọ kiri pé ‘àfihàn wa’.

Àwòrán Rowena ni ó tóbi jù nínú gbogbo wọn. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ní àárín rẹ̀ ni àwọn òbìrìkìtì funfun wà, ọ̀kan nínú ọ̀kan, níbi tí iṣu igbó ti kọ́kọ́ jáde láyé. Láti inú òbìrìkìtì náà ni ìtàkùn rẹ̀ ti ń nà kiri, àwọ̀ ìyeyè àti funfun, tí a fi àmì róbótó róbótó tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ní orúkọ, orúkọ náà gan-an ni bàbá rẹ̀ sì ń jẹ́. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n ti orúkọ náà pa gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà pe òkú padà sẹ́yìn, kí a má sì máa ṣí ọgbẹ́ àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀. Ibi náà sì pàdánù orúkọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ‘Ọ̀hún’ ni gbogbo Kurrajong ń pè é. ‘Òjò ti rọ̀ ní Ọ̀hún.’ ‘A ń lọ gbẹ́ iṣu ní Ọ̀hún.’ Janelle, ọmọbìnrin Rowena, ti ń sọ̀rọ̀ yéké báyìí, kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ní orúkọ mìíràn.

Ẹnu kan ṣoṣo ni ó lè ṣí orúkọ náà, ẹnu Àǹtí Lorna ni. Àwọn ọmọ tí ọkùnrin ilé bí ni wọ́n ni ilẹ̀ àti ìtàn rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń yà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ọmọbìnrin ilé bí síta ni olùṣọ́. Bí onílẹ̀ bá ń yà á, olùṣọ́ a jókòó tì í. Bí olùṣọ́ kò bá sì wí pé ó tọ́, onílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í han ẹnikẹ́ni. Ìyá Àǹtí Lorna ni ó jẹ́ ọmọbìnrin ilé náà. Lọ́dọ̀ wọn, gbogbo obìnrin ilé ìyá ẹni ni ìyá ẹni, àti ilẹ̀ ilé náà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí arúgbó tí irun rẹ̀ funfun bí òwú yìí fi ń pe Rowena, tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, ní ‘ìyá mi’.

Bronwyn wọlé, ó di ìwé pélébé kan àti kálàmù mú. Òun ni ọ̀gá Ilé Ọnà, ọmọ òyìnbó etí òkun tí ó ti pẹ́ ní Kurrajong tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní ìbátan. Wọ́n fi í ṣe àbúrò Rowena.

“Àǹtí, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo bá wá.”

“Ìyá mi kejì tún dé,” ni Àǹtí Lorna sọ fún ajá rẹ̀. “Ìyá kún ọ̀dọ̀ mi lónìí, kò sì sí èyí tó fún mi lọ́mú nínú wọn.”

“Orúkọ ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sí abẹ́ àwòrán. Gbogbo èyí tó kù ti ní.”

“Kọ ọ́, mo dí ọ lọ́wọ́ ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Bí mo bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, mi ò lè pè é.” Bronwyn kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì kí ojú wọn lè ṣe déédéé. “Mo kàn gbé e kọ́ kí n lè mọ àyè tó máa gbà ni. Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ kí àlejò tó dé, n ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

“Mo kọ́ ọ dáadáa nìyẹn,” ni Àǹtí Lorna wí, ó sì mu tíì rẹ̀ tán.

Rowena yíjú wo àwòrán náà. Kò rò pé ó lè dé ibẹ̀ yẹn. Nínú ọkọ̀ tí ó gbé e ti Alíìsì, ìlú ńlá tí ilé ìwòsàn wà, bọ̀, gbogbo ohun tí ó ń rí lójú ọkàn rẹ̀ ni Janelle tí ó dúró níwájú ògiri, tí ẹnì kan sì ń sọ orúkọ ilẹ̀ bàbá ìyá rẹ̀ fún un. Bí àwòrán náà bá wá kọjú sí ògiri, ta ni yóò tún yà á? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní ibi ìwakùsà, bọ́ọ̀lù nìkan ni ó ń rí. Ọdún mìíràn yóò tún rọ́lu ọdún, ‘Ọ̀hún’ yóò sì di orúkọ.

Ní àkókò náà ni Mavis gbé àwòrán tirẹ̀ wọlé, òkè olókùúta tí ó jẹ́ ti ìdílé wọn, ní gúúsù Ọ̀hún. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Rowena láti kékeré; wọn kì í ríra wọn láìbú ara wọn. Ó dúró, ó gbé orí sápá kan wo àwòrán ńlá náà, ó sì súfèé.

“Rowena, mo rí i pé iṣu yín ti ń yọjú sí òkè wa. Ṣé ìyàwó lẹ ń wá ni?”

“Iṣu wa kì í jẹ òkúta. Kí ló máa wá ṣe lọ́dọ̀ yín?”

“Ebi ló ń pa á. Ẹ ò bọ́ ọ nílé.”

“Ìwọ tí o fi gbogbo ọdún ya òkè kan ṣoṣo, tí òkè náà tún wọ́, o wá ń sọ̀rọ̀.”

“Òkè wa ò wọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi ojú wíwọ́ wò ó.”

Bronwyn rẹ́rìn-ín títí kálàmù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mavis rẹ́rìn-ín. Àǹtí Lorna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìdí ife rẹ̀. Rowena rí i, ó sì rò pé inú ló ń bí i.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ó tẹ̀lé arúgbó náà lọ sílé. Àǹtí Lorna ń rìn láìyára, ajá rẹ̀ níwájú, Rowena lẹ́yìn.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“O ti jẹun?”

“Mo ti jẹun. Ìyá mi ni mo lọ tọ́jú, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi í sára ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, kì í lè dìde mọ́. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún wa ní ilé àwọn aláìsàn. Ibùsùn méjì, àlàfo tó wà láàárín wọn ò tó ẹsẹ̀ ènìyàn. Ibẹ̀ ni mo tẹ́ aṣọ àwòrán náà sí. Bí mo bá parí ibì kan, n ó ká a bí ẹní, n ó yí i padà, n ó ya ibòmíràn. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dúró dìgbà tí ẹ máa wá jókòó tì mí?”

“Mo bi ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ṣé ó burú ni?”

“Mi ò sọ pé ó burú.”

“Ó dára nígbà náà?”

“Mi ò sọ ìyẹn náà.”

“Kí lẹ wá sọ?”

“Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ìwọ lo ò dá mi lóhùn.” Àǹtí Lorna ti dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀. “Bá mi lé ajá yìí wọlé, ìyá mi. Òun náà ti ya olóríkunkun.”

Rowena lé ajá wọlé, ó sì bínú lọ sílé.

Ní àárọ̀, kí àwọn ẹyẹ tó parí ariwo wọn, ìlú ti jí. Èéfín iná ìrù kangarúù ti gbòde, ẹnì kan ti ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò nínú Ilé Ọnà, ó ń sọ ‘halóò, halóò’ bí ẹni tí ẹ̀mí gbé wọ̀. Rowena dùbúlẹ̀ sí ìta, lórí ibùsùn iwájú ilé, Janelle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn yọ láti ẹ̀yìn orí rẹ̀, ó tàn lé e ní àtàrí, ó tàn dé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀: orí sí ìlà-oòrùn. Ó na ara rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ohun tí a gbé padà sí àyè rẹ̀, ó sì rántí pé ara rẹ̀ kò balẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Alíìsì. Níbẹ̀, wọ́n ti kan ibùsùn mọ́lẹ̀. Ibi tí ó bá kọ orí sí ni ìwọ náà yóò kọ orí sí. Gbogbo ìgbà tí ó jí nínú yàrá yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá oòrùn. Ilé gíga kan ni ó wà lójú fèrèsé. Kò rí oòrùn níbẹ̀ rí.

Ibo ni ìlà-oòrùn wà nínú yàrá tí o ti yà á?

Rowena dìde fùú. Kò wọ bàtà. Ó fi Janelle lé ọwọ́ ará ilé kejì, ó sì sáré.

Bronwyn wà lórí àkàbà nígbà tí Rowena wọlé, ó ń so òwú tó kẹ́yìn.

“Sọ̀ kalẹ̀,” ni Rowena wí. “Gbá etí kejì àwòrán mi mú.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe? Bàálù kékeré ti balẹ̀, àwọn ọkọ̀ ti kọjá ọgbà màlúù ojú ọ̀nà. Rowena, àlejò ti dé o.”

“Kí wọ́n dé. Ṣáà gbá a mú, àbúrò mi.”

Wọ́n gbé e jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn gbígbá. Rowena dúró sí ìkángun rẹ̀, ó gbójú sókè wo oòrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwòrán náà, díẹ̀díẹ̀, títí ihò àpáta tí ó yà sí igun kan rẹ̀ fi kọ sí apá ibi tí ihò àpáta wà ní Ọ̀hún lóòótọ́. Nígbà náà ni ó wá ń rìn yí i ká bí ẹni tí ń rìn lórí ilẹ̀ náà gan-an. Ìtàkùn kìíní lọ sí ìlà-oòrùn, ó tọ́. Èkejì lọ sí àríwá, sí ibi igi gbígbẹ, ó tọ́. Ẹ̀kẹta, èyí tó gùn jù, tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ìwọ̀-oòrùn títí dé ibi tí ilẹ̀ ti máa ń là bí iṣu bá ti tóbi lábẹ́ rẹ̀, ṣẹ́rí lójijì. Ó dorí kọ gúúsù. Ó gun orí òkè olókùúta ti ìdílé Mavis. Ibi tí ó ti ṣẹ́rí gan-an ni Rowena rántí pé òun ti yí aṣọ náà kí ó lè gba àárín ibùsùn méjèèjì.

Ó jókòó wọ̀ọ̀ sílẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ti gbé ìtàn wọn wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ó fi ṣe é.

“Kò sí ìlà-oòrùn nínú yàrá náà, Àǹtí,” ni ó wí, nítorí ó ti gbọ́ mímí ajá lẹ́yìn rẹ̀. “Mi ò rí i. Mo ṣìnà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni Àǹtí Lorna dáhùn.

Ó ti bọ́ bàtà. Ó rìn yí àwòrán náà ká lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ lẹ́yìn, ojú nílẹ̀.

“Mo wá rí i wàyí. Lánàá, ẹ gbé ilẹ̀ nàró sí ara ògiri, ẹ ní kí n wá wò ó. Ilẹ̀ wo ló ń dìde dúró?”

“Ṣùgbọ́n ẹ ti rí àṣìṣe náà lánàá.”

“Mo rí i. Mavis náà rí i. Ṣé o rò pé àwàdà lásán ló ń ṣe? Ẹnu rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti jáde ni ó fi bò ó mọ́ ẹ̀rín.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Lójú Mavis? Lójú Bronwyn? Kí ìtìjú bá onílẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé ilẹ̀ rẹ̀ dé?” Àǹtí Lorna ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, eegun rẹ̀ ń dún. “Mo bi ọ́ léèrè. Ìbéèrè ni mo fi nà ọ́ lọ́wọ́. O rò pé ìjà ni. Níbo ni ọ̀dà pupa wà?”

Bronwyn sáré gbé ọ̀dà pupa wá, ó gbé ìyeyè pẹ̀lú. Ó wo ọ̀nà, eruku ọkọ̀ ti yọ lókèèrè; ó wo àwòrán. “Kò ní gbẹ kí wọ́n tó dé.”

“Kí ó má gbẹ,” ni Àǹtí Lorna wí. “Ta ló ń lé e?”

Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn, olùṣọ́ ní gúúsù, onílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Àǹtí Lorna ń fi àmì pupa bo ìtàkùn tó ṣìnà, ọ̀kan lé ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù ẹni tí ń tu kòkòrò lára ọmọ. Rowena ń na ìtàkùn tuntun lọ sí ibi tí ó yẹ kí ó lọ. Ó ń yá a lára bí ẹni tí ó ń rìn lọ sílé, tí ó sì ti ń rí èéfín ilé.

Mavis dé pẹ̀lú búrẹ́dì inú eérú lọ́wọ́. Ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ó fọkàn balẹ̀, ó sì lọ jókòó sí etí apá gúúsù tí ó jẹ́ tiwọn.

“Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ nílé,” ni ó wí. “A ti fún un lóúnjẹ.”

“Òkúta lẹ fún un,” ni Rowena dáhùn. “Wò ó bó ṣe rù.”

Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí Lorna rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbé e títí tí ó fi ní láti gbé igi ọ̀dà kúrò lórí aṣọ kí ó má baà ba iṣẹ́ jẹ́.

Àwọn ọkọ̀ dé. Àwọn àlejò sọ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n gbọn eruku, wọ́n wo ilẹ̀kùn Ilé Ọnà tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn àwòrán tó rọ̀ ní méjì méjì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wọlé. Ìta ni gbogbo wọn rọ́ sí, yíká aṣọ pupa tí ó tẹ́ lórí iyanrìn pupa, tí obìnrin méjì jókòó lé ìdí rẹ̀. Àwọn ará Kurrajong náà dé, àwọn agbábọ́ọ̀lù nínú aṣọ wọn, àwọn àgbà lórí àga wọn, àwọn ọmọdé láàárín ẹsẹ̀ ènìyàn. Ìrù kangarúù ń ta pẹ́ẹ́ nínú iná. Ẹni tí ń sọ ‘halóò’ nínú ẹ̀rọ pàápàá pa á, ó jáde wá.

Bronwyn dúró pẹ̀lú ìwé pélébé rẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó ti yọ ìdérí kálàmù, ó sì ń wo ilẹ̀.

Rowena fi àmì tó kẹ́yìn sí ìpẹ̀kun ìtàkùn, níbi tí ilẹ̀ ti ń là. Ó gbé igi ọ̀dà lé orí itan rẹ̀. Janelle ti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ará ilé kejì, ó wá fara ti èjìká ìyá rẹ̀, ó ń wò.

“Màámi, ṣé Ọ̀hún nìyí?”

Gbogbo Kurrajong gbọ́ ìbéèrè náà. Ẹnu Rowena kọ́ ni ìdáhùn wà. Ó gbójú sókè wo arúgbó tó jókòó lódìkejì. Kò wá béèrè mọ́ bóyá ó dára tàbí kò dára.

“Àǹtí,” ni ó wí, “níbo nìyí?”

Àǹtí Lorna nu igi ọ̀dà rẹ̀ mọ́ etí yẹ̀rì rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo òbìrìkìtì tó wà láàárín láìfi kàn án, bí ẹni tí ń yá iná. Ó wo ìwọ̀-oòrùn lọ, kọjá orí àwọn àlejò, kọjá páànù Ilé Ọnà. Lẹ́yìn náà, ó wo ọmọ náà.

“Mularri,” ni ó wí. “Mularri nìyí. Ìyá mi ni.”